Àgùnmu Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ràfíù, Àkànní ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. A gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ tuntun náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ọ̀gá yín ti fún ọ ní kíláàsì mẹ́ta, àti pé yàrá tí o gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò jò. Inú mi dùn. Ọdún méjì tí o fi wá iṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ kan. Mo sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ awọ títí wọ́n fi ní kí n jẹ́ kí etí àwọn sinmi.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Àtìní. Mo kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí o ti kọ ọ́ wínníwínní bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i, pé o rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ, pé ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò jẹ́ nítorí ṣúgà tí o ń dà sí gàrí, pé kí n fi àgùnmu ránṣẹ́ sí ọ, kí n má sì jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́.

Mo ká ìwé náà. Mo tún ṣí i. Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi ni. Láti orí ṣúgà dé orí "kí ìyá mi má gbọ́", èmi ni mo kọ́ ọ, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń kọ́ ọ.

N kò fi àgùnmu ránṣẹ́. Lẹ́tà yìí ni mo fi ránṣẹ́ dípò rẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí o kà á tán kí o tó bínú. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń pe olùkọ́ kan ládùúgbò kí ó bá mi kọ ìwé sí ọ. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń pe ẹlòmíràn sí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, nítorí náà bí mo bá ṣi nǹkan kọ, má fi bírò pupa sí i o, tíṣà.

Ojú ń tì mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó kúrò lọ́nà.

O rántí pé nígbà tí o ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya, mo kọ̀wé sí ọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé apẹ́ńdíìsì ni. Kì í ṣe apẹ́ńdíìsì. Jẹjẹrẹ ìfun ni, nítòsí ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Ọlọ́run ni ó yọ mí, àwọn dókítà ni ó lò, ìyá rẹ ni ó sì wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, dókítà mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín. Àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá rí ẹ̀jẹ̀, kí ó tètè wá ká wò ó." Mo ní mo gbọ́. Láti ọdún méjì ni mo ti gbọ́, n kò sọ fún ọmọ kankan. Bí o kò bá kọ̀wé béèrè àgùnmu, bóyá n kì bá tí sọ títí di òní.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn Máólúdì ọdún náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Jẹ̀díjẹ̀dí, ta ni kò ní in? Ní ìsọ̀ wa, ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Bí ẹnì kan bá dìde tí ó di ìdí mú, a ó ní ó ti jẹ adùn jù, a ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé ṣúgà pamọ́ fún un. Mo dẹ́kun ṣúgà. Mo dẹ́kun ọsàn. Mo lá àgùnmu títí ahọ́n mi fi bó, mo mu àgbo kíkorò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, èmi á ní oògùn ti jẹ́. Á tún padà, èmi á ní mo ti jẹ nǹkan dídùn láìmọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ohun tó ń pa mí lọ a máa lọ, a máa bọ̀ fúnra rẹ̀, yálà mo lá àgùnmu tàbí n kò lá a.

Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ mi yí padà. Ó di tẹ́ẹ́rẹ́. Mo lè lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ yóò máa ṣe mí bí ẹni pé n kò tíì ṣe tán. Ó ń rẹ̀ mí. Mo ń fa okùn ṣòkòtò mi le sí i. Mo ní àgbà ló dé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

O mọ èlò pupa tí a fi ń kun awọ, tí a ń sè láti ara ọkà bàbà. Ó máa ń wà lọ́wọ́ wa, lórúnkún wa, lára ẹní tí a ń jókòó lé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ṣòkòtò mi, mo sọ fún ìyá rẹ pé èlò ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ọjọ́ kan, ó bá mi lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ṣòkòtò tútù lọ́wọ́.

"Bàbá Ràfíù," ó ní, "ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọ aṣọ yín. Èlò awọ kì í bọ́ nínú omi tútù. Èyí bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní iṣẹ́ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́?"

"N ò kọ́ yín níṣẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ni."

"Kí wọ́n wá wo kí ni?"

"Kí wọ́n wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde."

Kí wọ́n wo ìdí mi! Èmi Làmídì, tí mo ń dúró ní sáfù kìíní lẹ́yìn lèmọ́mù! Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́. Nígbà tí ó rí i pé n kò ní í lọ, ó tọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olórí ilé wa lọ, ó ní kí ó bá òun bẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn Jímọ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́, pé ìyàwó mi ti gbé ọ̀rọ̀ ìdí mi lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ní kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.

Àwọn ènìyàn bi mí pé kí ló ṣe. N kò lè sọ pé ó rí ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bá sọ pé ó bú ìyá mi nínú ibojì.

Àkànní, bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Ìyá rẹ kò bú ìyá mi. Kò bú u rí, ní ojú ayé rẹ̀ àti lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo sì rí i pé ó bí àwọn ènìyàn nínú, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́, mo ń tún un sọ. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwọ náà. Ẹ̀yìn ìyá mi ni o dàgbà sí, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe nínú rẹ. Nígbà tí o wálé fún Ìtùnú ààwẹ̀, ọkọ̀ rẹ kọjá oríta tí wọ́n ti ń yà sí Ìkòyí-Ilé, o kò yà. Láti ìgbà náà, o ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ bí ẹni ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé, o kì í wò ó lójú mọ́. Mo ń rí i. Mo ń rí i, mo sì ń jẹ oúnjẹ mi lọ.

Mo ti bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kò fi sọ òtítọ́ fún ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ dì í, ẹ̀yin lẹ ó tú u."

Jẹ́ kí n máa bá ìròyìn lọ kí ọwọ́ mi má bàa kọ iṣẹ́. Ìyá rẹ kò jókòó sí Ìkòyí-Ilé kí ó máa sunkún. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, ó ro gbogbo ohun tó rí fún wọn. Wọ́n ní kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá kíákíá. Ó mọ ọjọ́ tí mo máa ń lọ ra awọ ewúrẹ́ ní Sábó, lọ́dọ̀ Alájì Sánúsí. Ibẹ̀ ni ó ti dúró dè mí. Mo tẹ̀ ba, mo ń fọwọ́ ra awọ láti mọ èyí tó fẹ́lẹ́, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú ọjà, Bàbá Ràfíù."

Mo yíjú. "Kí lo ń wá níbí?"

"Ẹ̀yin ni. Àwọn dókítà ń retí wa. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè bá mi lọ, kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́jẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá dúró síbí, màá pariwo ẹ̀ fún gbogbo Sábó, kí wọ́n bá mi túmọ̀ ẹ̀ sí Haúsá."

Mo wo Alájì Sánúsí, mo rò pé yóò bá a wí, torí àgbà ni. Alájì ń ká awọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ bá ìyàwó yín lọ. Awọ ò lè sá. Ẹran tó ni ín ti kú."

Mo bá a lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó gbé mi lọ o, ẹ̀rù ìtìjú ni. Ó mọ ohun tí mo bẹ̀rù ju ikú lọ, ó fi ohun náà fà mí bí ẹni fi okùn fa ewúrẹ́. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ láti kékeré. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi pa ara rẹ̀ nítorí ṣòkòtò.

Ọmọ tí mo lè bí ni dókítà náà. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n fa orúnkún mọ́ àyà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi ìka wò mí. Mo di ojú mi, mo ń ké Láìláà. Kí n tó kà á dé ibi kan, ó ti ṣe tán. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sá fún ohun tí kò tó àkókò tí mo fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó ní ọwọ́ òun ba kókó kan níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí mi ti ní irú rẹ̀ rí. Mo ní rárá. Ìyá rẹ, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló dáhùn pé, "Bàbá wọn ńkọ́? Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ló pa bàbá wọn. Wọ́n rù títí wọ́n fi kú ni." Òótọ́ ni. Bàbá mi ṣẹ̀jẹ̀ fún ọdún kan gbáko, àwa ọmọ rẹ̀ ń wojú ara wa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì purọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà mí là.

Wọ́n bu díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì dé pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì lu ìfun jáde, kò sì tíì ràn dé ibòmíràn. Dókítà ní bí mo bá tún fi oṣù mẹ́fà lá àgùnmu, òun kì bá tí ní ohun tí òun lè ṣe. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Wọ́n la inú mi, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, wọ́n rán ìyókù pọ̀. Kí ibi tí wọ́n rán lè san, wọ́n fa ìfun díẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ikùn mi, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà jáde fún oṣù mẹ́ta. Ó ń jáde nígbà tó bá wù ú. N kò lè sọ fún un pé dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá rẹ bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀, ó sì bá mi padà sí ilé wa ní Ọ̀yọ́. Ó gé ìró rẹ̀ méjì sí wẹ́wẹ́, ó ń ká wọn lé ojú ibẹ̀, ó ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ó ń fi òrí láti Ìkòyí-Ilé pa awọ ara mi kí ó má bàa bó. Bí àlejò bá ń bọ̀, á finná sí tùràrí kí òórùn má bàa tú àṣírí mi. Ó ń fọ àkísà náà fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí n kò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni ó ń pọn omi tí ó fi ń fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kan mo sunkún. Mo ní irú ayé wo nìyí, kí ìyàwó tí mo lé lọ máa kó ìgbẹ́ mi. Kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Ìdí ọmọ mẹ́rin ni mo ti fọ̀. Ẹ sún díẹ̀, kí n rí abẹ́ ibẹ̀."

Ọmọ mi, mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ojú ibẹ̀ pa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà sí ìsọ̀ mi, mo padà sí sáfù kìíní. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń yẹ̀ mí wò, wọn kò tíì rí nǹkan kan mọ́. Ọdún méjì nìyí, n kò tíì fi ẹnu mi sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá náà wúwo lórí mi.

Nítorí náà, fi etí sí mi, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò yẹ kí ó máa kọ́ ọmọ.

Èkíní, má fún àìsàn lórúkọ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó wò ó. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí ni o ní lóòótọ́. Ọmọdé ni ọ́, mo sì ń gbàdúrà pé òun ni. Bí òun bá ni, dókítà yóò sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ yóò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ojú rí i kí ẹnu tó sọ ọ́.

Èkejì, máa wo ìgbẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, bí ó bá yí padà tí kò padà sí bó ṣe wà, bí o bá ń rù láìgbààwẹ̀, ara ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn. Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta, má purọ́ fún dókítà. Sọ ti bàbá mi fún un, sọ tèmi. Má fi ìtìjú mi bò ó. Mo ti gbà kí o sọ ọ́.

Bí o bá gbéyàwó, tí ìyàwó rẹ bá rí ohun tí o fi pamọ́, má sọ ọ́ di ọ̀tá. Ẹni tó ń fọ aṣọ ènìyàn ti rí i tán. Bí ó bá sì dé ọjọ́ tí ara kò gbé ọ mọ́, jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ. Má fi ìbínú dá wọn dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi ń bú ìyá rẹ nígbà tó bá ń nù mí, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ojú mi ṣe.

Mo ní ohun púpọ̀ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ro mí, mo sì fẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ.

Ìyá rẹ ni ó mú un wá. Mo ti rú òfin tí o fún mi, mo ti sọ fún un pé o rí ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìró rẹ̀ sínú àpò. Òun ni yóò mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn náà, ó mọ ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn àti nọ́ọ̀sì tí ẹ ó béèrè. Bẹ̀ ọ̀gá rẹ ní àyè ọjọ́ kan. Bí o bá fẹ́ sá, rántí pé ó lè pariwo.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. O mọ̀ pé ìyá rẹ kò mọ̀wé. Kò mọ ohun tí mo kọ síbí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ọsibítù nìkan ni. Fún un ní àga. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí o ka gbogbo rẹ̀ sókè sí i létí, má fo ohunkóhun nítorí mi. Nígbà tí o bá dé ibi tí mo kọ pé kò bú ìyá mi, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí o sọ fún un pé Làmídì ní kí ó dárí ji òun. N kò rí ẹnu sọ ọ́ láti ọdún méjì, mo sì mọ̀ pé n kò ní í rí i bí mo bá dúró dè é. Yá mi ní ẹnu rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì, tó sì wà láàyè,
Làmídì.